Wọ́n Rán an ní Nitrate, Ó Mú Perchlorate Bọ̀: Ife Omi Kékeré kan lórí Máàsì, 2008

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2008, ní ìhà àríwá pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, apá irin kan bu erùpẹ̀, ó sì dà á sórí àpótí kan. Nǹkan bíi 1 cm³ ló ráyè wọlé, kò kún ṣíbí tíì. Abẹ́ rẹ̀ ni ife omi kan wà, mílílítà 25 péré, tí wọ́n ti yọ́ kúrò ní yìnyín. Erùpẹ̀ já sínú omi, ẹ̀rọ tín-ín-rín kan bẹ̀rẹ̀ sí rò ó pọ̀.

Wọ́n to àwọn élẹ́kítíróòdù, ìyẹn ẹ̀rọ bíńtín tó ń fi iná wọ̀n ohun tó yọ́ sínú omi, sára ògiri ife náà yíká, a sì ti yan ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò máa ṣọ́: sódíọ̀mù, kálísíọ̀mù, magnísíọ̀mù, chloride, bí omi ṣe kan tó, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe bí a ṣe retí. Èyí tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ nitrate (náítírójìn tó so mọ́ ọ́síjìn) ló da ọ̀rọ̀ rú. Bí erùpẹ̀ ṣe kan omi, fóltéèjì rẹ̀ yí bìrí, ó sì yí kọjá ààlà. Bí a bá gba ohun tó sọ bẹ́ẹ̀, nitrate inú ife náà yóò wúwo ju gbogbo erùpẹ̀ tí wọ́n dà sí i lọ.

Ọkọ̀ tó gbé ife yìí lọ ni Phoenix. NASA ta á sókè láti Cape Canaveral ní Florida lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2007, ó sì balẹ̀ lọ́jọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Vastitas Borealis, níbi tí yìnyín ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láìjìn. Peter Smith, ti Yunifásítì Arizona, ni olórí iṣẹ́ náà. Àkọ́kọ́ṣe kọ́ ni púpọ̀ nínú ẹrù ọkọ̀ yìí. Wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ fún ọkọ̀ mìíràn tó yẹ kó lọ ní 2001, ṣùgbọ́n nígbà tí Mars Polar Lander sọnù ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, NASA fagi lé ìrìnàjò yẹn, wọ́n sì kó ẹrù rẹ̀ pamọ́. Láti ibẹ̀ ni MECA ti wá, àpótí tó gba awò amúǹkan-tóbi àti ife mẹ́rin. Michael Hecht ti JPL, ilé iṣẹ́ NASA kan, ló ń darí MECA, Samuel Kounaves ti Yunifásítì Tufts ló sì ni iṣẹ́ inú ife.

Ife mẹ́rin, àyẹ̀wò mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tí yóò fọ̀ ọ́. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ìkòkò omi wà, àti àpótí-fífà tí erùpẹ̀ ń gbà wọlé, àti àwọn ago bíńtín márùn-ún tí oògùn wà nínú wọn, tí a lè jù sínú omi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Atẹ́gùn Máàsì fẹ́lẹ́ débi pé omi tí a bá tú síta níbẹ̀ kò ní pẹ́ hó, yóò sì dì láàárín àkókò kan náà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dé ife náà pa, tí wọ́n sì ń fi iná mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹni tó bá ti rí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú níbi tí wọ́n ti ń da omi sórí eérú, tí wọ́n ń gba ohun tó ń ro jáde, ti rí iṣẹ́ tí ife yìí ń ṣe: a fi omi rẹ erùpẹ̀, ohun tó lè yọ́ yọ́ sínú omi, a wá yẹ omi náà wò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ élẹ́kítíróòdù, tí kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wo nǹkan? Ìdí kan náà ni àwọn tó ń ṣe láàbù orí ṣíìpù, ìyẹn ilé àyẹ̀wò tó fẹ̀ bí ìka ọwọ́, fi ń yàn án lónìí. Élẹ́kítíróòdù kò bìkítà bí omi bá dọ̀tí tàbí bó bá pọ́n bí ẹrẹ̀. Kò fẹ́ dígí, kò fẹ́ gílóòbù, iná díẹ̀ ló ń jẹ, a sì lè mú un kéré dé ibi tó bá wù wá láìsí pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kéré pẹ̀lú rẹ̀. Kókó yìí ló yà á sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi àwọ̀ wo nǹkan nílò kí ìmọ́lẹ̀ gba inú omi kọjá níbi tó jìn díẹ̀. Bí ṣíìpù bá ti tín-ín-rín jù, àwọ̀ á ṣì. Ṣùgbọ́n fóltéèjì tí élẹ́kítíróòdù irú èyí ń sọ kò gbára lé bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí áyọ́ọ̀nù ṣe pọ̀ tó nínú omi tó kàn án.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Ojú élẹ́kítíróòdù náà jẹ́ awọ ike tín-ín-rín, tí wọ́n fi òróró pàtàkì mú rọ̀, tí wọ́n sì po kẹ́míkà kan mọ́ tó ń fa irú áyọ́ọ̀nù kan mọ́ra. Áyọ́ọ̀nù ni ègé bíńtín ohun tó yọ́ sínú omi, tó gbé iná dání. Bó bá ṣe ń wọ inú awọ ni iná òde àti iná inú awọ ń yàtọ̀ síra, ìyàtọ̀ náà la ń fi mílífóltì wọ̀n. Ní ooru 25 °C, bí áyọ́ọ̀nù tó gbé iná ẹyọ kan bá di ìlọ́po mẹ́wàá nínú omi, mílífóltì yóò yí pẹ̀lú nǹkan bíi 59. Bó bá tún di ìlọ́po mẹ́wàá sí i, 59 mìíràn. Èyí ló jẹ́ kí élẹ́kítíróòdù kan ṣoṣo lè ka ohun tó kéré gidi àti ohun tó pọ̀ gidi. Ibẹ̀ náà sì ni àléébù rẹ̀ wà, nítorí pé bí mílífóltì kan péré bá ṣì, iye tí a kà ti fi bíi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ṣì nìyẹn.

Àmọ́ àléébù tó tóbi jù lọ ni pé élẹ́kítíróòdù kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Mílífóltì nìkan ló mọ̀. Áyọ́ọ̀nù tó bá ti lè wọ awọ rẹ̀, á kà á, á sì fún wa ní nọ́ńbà. Àwa la máa ń kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà.

Ti kálísíọ̀mù dára díẹ̀, nítorí pé kẹ́míkà inú awọ rẹ̀ ní ihò tó bá ara kálísíọ̀mù mu. Ti nitrate kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Kẹ́míkà inú rẹ̀ kàn ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo áyọ́ọ̀nù tó gbé iná òdì, ẹni tó bá sì rọrùn fún láti bọ́ aṣọ omi ara rẹ̀ sílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Franz Hofmeister ti tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ láti ọdún 1888, ní ìlú Prague, níbi tó ti ń wo bí oríṣiríṣi iyọ̀ ṣe ń mú kí funfun ẹyin dì. Ní ti awọ ike, bí wọ́n ṣe tò nìyí: perchlorate (chlorine tó so mọ́ ọ́síjìn) ló ṣáájú, iodide tẹ̀ lé e, nitrate, bromide, chloride, sulfate wá gbẹ́yìn. Perchlorate tóbi, kò sì di omi mú ṣinṣin. Nínú élẹ́kítíróòdù tí a ń sọ yìí, perchlorate kan tó nitrate bíi 1,000 láti yí mílífóltì.

Gbogbo onímọ̀ kẹ́mísìrì tó ń fi awọ ike ṣiṣẹ́ ló mọ èyí. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí pé perchlorate ṣọ̀wọ́n lórí ilẹ̀ ayé. A ń rí i ní aginjù Atacama ní Chile, níbi tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, a sì ń rí i níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì àti bọ́ǹbù. Níbòmíràn, bí élẹ́kítíróòdù nitrate bá sọ̀rọ̀, nitrate ló rí.

Wọ́n pe erùpẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ní Rosy Red. Lọ́jọ́ kejì, ìyẹn ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, àwọn onímọ̀ náà bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, inú wọn sì dùn. Wọ́n ní erùpẹ̀ náà kò kan rárá. Bíi ti omi eérú ló rí, wọ́n sì fojú bù ú pé pH rẹ̀, ìwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó, wà láàárín 8 sí 9. Wọ́n rí magnísíọ̀mù, sódíọ̀mù, pòtásíọ̀mù àti chloride. Kounaves sọ pé ènìyàn lè gbin asparagus sínú rẹ̀, ẹ̀fọ́ òyìnbó kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fi jẹ iyán rí. Gbogbo ayé gbé e: erùpẹ̀ Máàsì ṣe é dáko! Nípa élẹ́kítíróòdù nitrate, wọn kò sọ nǹkan kan fún aráàlú lọ́jọ́ yẹn.

Mi ò bá wọn wí. Ẹ wo ìṣirò tó wà níwájú wọn. Iye tí wọ́n padà fẹnu kò lé fún perchlorate jẹ́ nǹkan bíi 2.4 mílímólù nínú lítà kan. Nínú mílílítà 25, perchlorate tó nǹkan bíi mílígíráàmù 6 nìyẹn. Bí erùpẹ̀ inú ife bá tó gíráàmù kan, a jẹ́ pé kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, 0.6 péré. Iye tí ènìyàn lè gbà gbọ́ ni. Ká wá ní nitrate ló ṣe iṣẹ́ kan náà: ó ní láti pọ̀ ní ìlọ́po 1,000 kó tó lè ti mílífóltì dé ibẹ̀. Ìyẹn ń lọ sí gíráàmù 3.7 nitrate, láti inú erùpẹ̀ gíráàmù kan. Kò ṣeé ṣe. Nínú gbogbo áyọ́ọ̀nù tó lè wọ awọ yẹn, perchlorate nìkan ni ìṣirò gbà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àìpé élẹ́kítíróòdù náà gan-an ló di ẹ̀rí. Ká ní ihò tó bá nitrate nìkan mu ló wà nínú awọ rẹ̀ ni, ì bá sọ pé òun kò rí nǹkan kan, tàbí kó sọ nọ́ńbà kékeré kan, gbogbo wa ì bá sì kọjá lọ.

Àmọ́ ìṣirò nìkan kò tó. Ohun tí wọ́n ń po mọ́ oògùn tó ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì ni perchlorate! Delta II, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé Phoenix kúrò ní ilẹ̀ ayé, ní àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì olóògùn gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ammonium perchlorate ló sì pọ̀ jù nínú oògùn wọn. Ta ló lè búra pé kì í ṣe ìdọ̀tí ilé la gbé lọ sí Máàsì, tí a wá ń pariwo pé a rí i níbẹ̀? Ìbéèrè yìí ló gba àkókò wọn. Àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ yẹn ti já bọ́ kí Phoenix tó jáde nínú ìdérí rẹ̀. Hydrazine ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀ fi balẹ̀, kò sì sí chlorine nínú hydrazine. Èyí tó wúwo jù lọ lójú mi ni omi lásán. Kí erùpẹ̀ tó wọ ife, wọ́n ti ka omi inú rẹ̀. Wọ́n ti fi ìwọ̀nba iyọ̀ tí wọ́n mọ iye rẹ̀ sínú rẹ̀ ṣáájú, wọ́n tún ju ago oògùn kan sí i, láti rí i pé élẹ́kítíróòdù kọ̀ọ̀kan ń yí bó ṣe yẹ. Ti nitrate yí bó ṣe yẹ. Kò sí àmì perchlorate. Ìgbà tí erùpẹ̀ wọlé ló tó fò. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ife tàbí ti omi ni, ì bá ti hàn ṣáájú.

Wọ́n tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́jọ́ 6 oṣù Keje, erùpẹ̀ láti ibòmíràn, tí wọ́n pè ní Sorceress, wọ ife mìíràn, pẹ̀lú élẹ́kítíróòdù mìíràn àti omi mìíràn. Èsì náà jọ ti àkọ́kọ́.

Àríyànjiyàn wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kejì. Phoenix ní ààrò kan, TEGA, tó ń sun erùpẹ̀ tó sì ń yẹ afẹ́fẹ́ tó bá jáde wò. Ààrò yìí ti fi ojú wọn rí màbo ní oṣù Kẹfà, nígbà tí erùpẹ̀ dì mọ́ra lórí asẹ́ rẹ̀, tí kò fẹ́ wọlé, tí wọ́n ń mì ín tìtì fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bí perchlorate bá wà, ó yẹ kí ọ́síjìn àti ohun tó ní chlorine jáde lára rẹ̀ nígbà tó bá jóná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, wọ́n sun erùpẹ̀ kan tó wà lókè yìnyín gan-an, wọn kò sì rí àmì perchlorate kankan. Ife ní ó wà, ààrò ní kò sí.

Ibi tí wọ́n dé nìyí tí ìròyìn fi jò. Ìwé ìròyìn Aviation Week gbé e jáde pé NASA ti sọ fún Ilé Ààrẹ Amẹ́ríkà nípa ìkéde ńlá kan tó jẹ mọ́ bóyá nǹkan ẹlẹ́mìí lè gbé lórí Máàsì. Láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan, íntánẹ́ẹ̀tì ti gbà á di pé wọ́n ti rí nǹkan ẹlẹ́mìí, ìjọba sì ń fi í pa mọ́. Ojú òpó Twitter tí wọ́n ń lò lórúkọ ọkọ̀ náà ní láti bọ́ síta láti sọ pé irọ́ ni. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, NASA pe àwọn oníròyìn sórí fóònù, wọ́n sì sọ ohun tó wà nílẹ̀ bó ṣe wà: ife rí perchlorate lẹ́ẹ̀mejì, ààrò kò rí i, a ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn kan sọ pé ìtìjú ni, pé onímọ̀ kì í sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Ní tèmi, ìpàdé ọjọ́ yẹn wà lára ohun tó dára jù nínú gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ náà, torí pé ó ṣọ̀wọ́n kí aráàlú rí àyẹ̀wò nígbà tí ẹ̀rọ méjì ṣì ń takora. Ohun tí mo fi kù wọ́n ni ti asparagus. Ó yẹ kí ẹni tó mọ̀ pé élẹ́kítíróòdù kan ṣì ń sọ ohun tí kò yé òun fa ọ̀rọ̀ oko sẹ́yìn díẹ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2009, Hecht, Kounaves àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Perchlorate jẹ́ 0.4 sí 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún erùpẹ̀ náà. Òun ló gba púpọ̀ jù nínú chlorine tó yọ́ sínú omi. Chloride lásán kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. pH tí wọ́n fojú bù sí 8 sí 9 wálẹ̀ sí 7.7. Ní ti ààrò, nígbà tí wọ́n padà yẹ àkọsílẹ̀ erùpẹ̀ àkọ́kọ́ tó sun wò, wọ́n rí ọ́síjìn tó jáde láàárín 325 °C sí 625 °C, ó sì bá perchlorate mu.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣí ìwé àtijọ́ wò. Ní 1976, ọkọ̀ Viking méjèèjì sun erùpẹ̀ Máàsì láti wá ohun tó jẹ mọ́ ẹ̀mí, wọn kò rí ju chloromethane àti dichloromethane díẹ̀ lọ. Wọ́n ní oògùn tí wọ́n fi nu ẹ̀rọ nílé ló ṣẹ́kù. Ní 2010, Rafael Navarro-González ti Mẹ́síkò àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ po perchlorate mọ́ erùpẹ̀ Atacama, wọ́n sun ún, ohun méjèèjì yẹn gan-an ló jáde. A jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí Viking ti sun ohun tó ń wá jóná nígbà tó ń wá a. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èsì 1976. Ìhà mìíràn tún wà: omi tí magnesium perchlorate pọ̀ nínú rẹ̀ lè wà láìdì títí dé nǹkan bíi −67 °C. Ní ti àwọn tó ń gbèrò àtilọ gbé Máàsì, perchlorate kì í jẹ́ kí tàírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré iwájú ọ̀fun, rí áyódíìnì gbà, bẹ́ẹ̀ àìtó áyódíìnì ló ń fa gẹ̀gẹ̀. Ẹ fọ erùpẹ̀ yẹn dáadáa kí ẹ tó gbin ẹ̀fọ́ sí i.

Ọkọ̀ Curiosity náà ti rí ohun tó jọ perchlorate ní kòtò Gale, tó jìnnà réré sí ibi tí Phoenix balẹ̀. Ní 2014, Kounaves àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún jábọ̀ pé àwọn rí díẹ̀ nínú òkúta EETA79001, tó já láti Máàsì tí wọ́n ṣà ní Antarctica.

Nitrate tí wọ́n rán élẹ́kítíróòdù yẹn wá ńkọ́? Phoenix kò lè sọ. Nígbà tí perchlorate ti gba gbogbo awọ náà, bí nitrate díẹ̀ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò lè jáde, ihò mìíràn kò sì sí nínú ife tí a lè fi gbọ́ ọ. Irú ìṣòro yìí náà ló ń dojú kọ ẹni tó bá fẹ́ fi ṣíìpù aláwọ ike wọ̀n nitrate nínú omi kànga lónìí: chloride àti bicarbonate inú omi wa wà lẹ́yìn nitrate nínú ètò Hofmeister, wọn kì í sì í ní í lára púpọ̀, àyàfi bí wọ́n bá pọ̀ jù ú lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po, bíi ní etí òkun níbi tí iyọ̀ ti ń wọ kànga. Níbẹ̀, ó di dandan láti wọ̀n chloride lọ́tọ̀, kí a tó gba ọ̀rọ̀ nitrate gbọ́.

Phoenix bá ilé sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 2008. Ọdún 2015 ni Jennifer Stern ti NASA àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jábọ̀ pé nitrate wà lórí Máàsì lóòótọ́, nínú iyanrìn àti òkúta Gale. Curiosity ló rí i, ààrò ló sì fi rí i: ó sun erùpẹ̀, ó ka nitric oxide tó jáde, wọ́n sì kọ́kọ́ yọ èyí tó lè wá láti inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó kọ iye kankan sílẹ̀.